Ilẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa Kì Í Ṣe Títà

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí ni mo sin àbíkẹ́yìn mi dé ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo bá ọkùnrin mẹ́rin lórí pápá. Wọ́n ti ta okùn láti igun kan dé ìkejì, wọ́n gbé irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ kalẹ̀, ọ̀kan sì ń ri òpó síméńtì kékeré mọ́ ibi tí àwọn ọmọ máa ń ri igi góòlù mọ́. Mo kí wọn, mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Èyí tó ń ri òpó kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, wọ́n ti ta ibí yìí. Súpámákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀."

Wọ́n ti tà á. Ta ni wọ́n? Ta ló tà á fún wọn? Ta ló bi wá? Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi bó ṣe yẹ. Tí mo bá sùn lóru, òpó síméńtì yẹn ni mò ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ àdúgbò wa. Èbúté-Mẹ́ta la wà, lápá ibi tó ti fẹ́ kan Yábàá. Ilé ló so mọ́ ilé níbí. Tí mo bá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé yàrá mi, ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ kan ògiri ilé kejì. Kò sí àgbàlá, kò sí ibi tí ọmọ ti lè sáré títí tó máa rẹ̀ ẹ́. Inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí nìkan ni a ti ń rí afẹ́fẹ́ fà símú. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé jáde. Ibẹ̀ ni àwọn àbúrò mi méjèèjì ti kàwé jáde. Àkọ́bí mi ti jáde níbẹ̀, àbíkẹ́yìn mi ṣì wà níbẹ̀ ní JSS 2. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn àgbà máa ń sọ fún wa pé ìdílé onílẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà kí ọmọ àdúgbò lè ríbi kàwé, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ìwé kíkà kò yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìtajà.

Ohun tó dùn mí wọ egungun ni ìwé tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ géètì lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní apá tí wọ́n tà jẹ́ "ilẹ̀ tó ṣófo, tí ẹnikẹ́ni kò lò." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka gbólóhùn yẹn. Ilẹ̀ tó ṣófo kẹ̀? Ẹni tó kọ ọ́ kò tí ì débẹ̀ rí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ká ní ó débẹ̀ ni, ì bá bá àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lápá kan, ì bá bá àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ máàṣì fún ọjọ́ eré ìdárayá lápá kejì, ilé pupa, ilé búlúù, ilé yẹ́lò, tí eruku ń sọ lẹ́yìn wọn. Orí pápá yẹn ni a ti ń kírun Yídì. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ibẹ̀ náà ni a ti ń tò láti dìbò, tí àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbò wa máa ń wá bá wa níbẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Bàbá kan wà ní òpópónà wa tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á mú un dé pápá. Bàbá á di èjìká ọmọ náà mú, á fi ọwọ́ kejì tẹ ọ̀pá, á máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé ọ̀tún, títí á fi yí pápá náà po. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, odindi wákàtí kan ló ń gbà á. Ní báyìí, ó ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn ọmọ iléèwé tó dé. Mo ti bá a pàdé níbẹ̀, tí òógùn bò ó, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi pé, "Ìyàwó, ó ti ń yá o." Níbo ni ẹ fẹ́ kí bàbá yẹn ti máa rìn? Láàárín kẹ̀kẹ́ Máàrúwá àti dáńfó?

Omi òjò ńkọ́? Òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, kò sí ará Èkó tó ti gbọ́njú nígbà yẹn tó máa gbàgbé rẹ̀. Omi wọlé onílé, ó ba dúkìá jẹ́, ó gbẹ̀mí èèyàn. Àwa tí a wà létí kọ́lẹ́ẹ̀jì, omi mù wá dé orókún lójú títì, ṣùgbọ́n kò kọjá ẹnu ọ̀nà wa, torí pé pápá yẹn ló gba ti wa. Ó dà bí ọ̀sà fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ fa omi náà mu díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá da kọnkéré lé e lórí, tí wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì síbi tí mọ́tò àwọn oníbàárà máa gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n sọ ibi tí omi yẹn máa gbà fún mi. Èmi mọ ibi tó máa gbà. Inú pálọ̀ wa ni.

Wọ́n ní wọ́n pèpàdé, pé àdúgbò ti fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni pé ìpàdé kan wáyé lóṣù tó kọjá. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ìyá ọlọ́jà wà nídìí ọjà. "Ìdàgbàsókè kọ́lẹ́ẹ̀jì" ni wọ́n pe ìpàdé náà, wọn ò dárúkọ títà. Wọ́n pín ìrẹsì nínú ike, wọ́n pín mínírà, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ìwé kan, kó fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni wọ́n wá ń gbé kiri báyìí. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á fún un, ló bá bú sẹ́kún. Ìyá náà kò mọ̀wé. Ó ní ìrẹsì ni wọ́n ní kí òun tẹ̀ka fún pé òun ti gbà. Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni wọ́n rẹ́ jẹ báyẹn, nítorí abọ́ ìrẹsì kan.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀wé, tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ẹ mọ ara yín. Ẹ ti ń wo ilẹ̀ báyìí tí ẹ bá pàdé wa lọ́nà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ náà lé alágbàtà lọ́wọ́. A máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin, wọ́n kọ́ yín. Inú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú yín. Kí lẹ fẹ́ ká sọ?

Wọ́n ní súpámákẹ́ẹ̀tì máa mú iṣẹ́ wá, pé nǹkan máa gbọ̀pọ̀. Lánàá, mo rìn létí fẹ́ǹsì kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, mo ka àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Alákàrà, alágbàdo, ẹlẹ́fọ̀ọ́, onígaàrí, àti ẹlẹ́tòmátò tó ń jí ní aago mẹ́ta òru lọ sí Mile 12. Ibẹ̀ ni owó iléèwé ọmọ wọn ti ń jáde. Súpámákẹ́ẹ̀tì lè gba méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wọn síṣẹ́. Àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún ni igbá wọn máa dànù. Nígbà tí owó oṣù kò bá sì tí ì wọlé, ta ni nínú súpámákẹ́ẹ̀tì máa wọn gaàrí kọ́ńgò kan fún mi ní àwìn, tó máa ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa gbé e lọ, tẹ́ ẹ bá ti rí i ẹ ó san"?

A ti rí irú rẹ̀ rí, kò sì jìnnà síbí. Ọjà Tejúoṣó jóná ní 2007. Ó di 2014 kí wọ́n tó ṣí èyí tí wọ́n tún kọ́, ilé alájà tó rẹwà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lágbára owó ṣọ́ọ̀bù tuntun náà. Etí rélùwéè Yábàá ni wọ́n wá lọ ń tajà nígbà náà, tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kíákíá tí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè.

Ohun tó mú kí ara àwọn òbí kan rọ̀ ni pé wọ́n ní nínú owó náà ni wọ́n ti máa tún kíláàsì ṣe. Òótọ́ ni pé kíláàsì ti bàjẹ́, n kò ní purọ́. Ọmọ mi àti ẹni mẹ́ta mìíràn ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Tó bá ń kọ̀wé, orí itan ló ń gbé ìwé lé, torí tábìlì kò gba gbogbo wọn. Mo máa ń rí i nínú ìkọ̀wé rẹ̀, bí ìlà ṣe ń wọ́. Ṣé ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kó fi ra àga? Nígbà tí Lateef Jakande di gómìnà ní 1979, àwọn ọmọ kan ń lọ síléèwé láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, torí kíláàsì kò tó. Ìjọba rẹ̀ kọ́ kíláàsì káàkiri Èkó kí gbogbo wọn lè máa lọ láàárọ̀. Ilé adìyẹ ni àwọn alátakò ń pè é. Nínú ilé adìyẹ yẹn ni mo ti mọ ìṣirò. Wọ́n ríbi kọ́ ọ sí torí pé ilẹ̀ wà. Ọmọ tí wọ́n bí ládùúgbò yìí láàárọ̀ òní, nígbà tó bá tó kọ́lẹ́ẹ̀jì í lọ tí kíláàsì kò gbà á, ibo la máa kọ́ tirẹ̀ sí?

Ẹ wo ohun tí àwọn tó ṣáájú wa ṣe. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Higher College, iléèwé gíga ayé òyìnbó, kó kúrò ní Yábàá lọ sí Ìbàdàn ní 1948 láti lọ bẹ̀rẹ̀ yunifásítì, ọgbà tí wọ́n fi sílẹ̀ kò di ọjà. Yaba Tech tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 ló jogún rẹ̀, iléèwé sì ni títí di òní yìí. Kingsway, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Marina láyé ìgbà náà dà, tí àwọn ìyá wa máa ń múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó wọ̀ ọ́? Ó ti kógbá sílé tipẹ́. Bí ìtajà ti rí nìyẹn, tí èrè bá ti dín, wọ́n á tìlẹ̀kùn, wọ́n á lọ. Tí èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́ lórí pápá wa bá lọ, ṣé wọ́n máa ká kọnkéré wọn kúrò kí wọ́n dá ilẹ̀ pápá padà fún wa?

Ẹnì kan dá mi lóhùn lánàá pé ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀, pé kí n má da ara mi láàmú. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó ní fún lílò àti àǹfààní gbogbo aráàlú ló ṣe dì í mú. Èrè oníṣòwò kan kọ́ ni àǹfààní gbogbo aráàlú. Èkó kì í sì í ṣe ìlú tí wọ́n ń gbalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó panu mọ́. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ oyè Olúwa ní Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé London, Herbert Macaulay bá a lọ, wọ́n sì dá a láre ní 1921 pé ará ibẹ̀ ló ni ilẹ̀ wọn, owó rẹ̀ pérépéré sì tọ́ sí wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ dé ọ̀hún. Àwa, mọ́tò Alausa, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ni ká wọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, èmi àti àwọn òbí méje dá owó, a ra ọ̀dà, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sára fẹ́ǹsì bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ilé káàkiri Èkó kí gbájúẹ̀ má baà tà á mọ́ wọn lórí: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ọmọ mi ló kọ lẹ́tà Ṣ, ó taku pé àfi kí òun fi àmì sí i nísàlẹ̀. Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. A tún un kọ. Wọ́n tún pa á rẹ́ lóru àná.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yìí, orí pápá ni ká ti pàdé. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání. Ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ tí pápá náà hàn nínú rẹ̀, kó mú un wá. Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé ìrẹsì yẹn láìmọ̀, kó má sá fún wa, kó wá. Akẹ́kọ̀ọ́jáde kan tó jẹ́ lọ́yà ti ṣèlérí pé òun máa kọ ìwé ìbúra fún gbogbo wọn, òun ò ní gba kọ́bọ̀. Kí ẹni tó bá lè gun àkàsọ̀ tètè dé o. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà pupa méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, òkè fẹ́ǹsì ni a máa kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí.