Olókùn Màmá Ìyàwó

Mo kí ìyá ìyàwó tí mo rí ní gbọ̀ngàn àpèjẹ kan ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá kú oríire. Ìyàwó rẹwà, ọkọ ìyàwó jọ ọmọ gidi, ìrẹsì kò sì tán kí ó tó kan àwa tí a pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí jù lọ ni ọmọbìnrin tó dúró sẹ́yìn màmá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá wá sí òde náà ni kí ó máa fa okùn ẹ̀yìn kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ elégungun tó ń fún ikùn mọ́ra.

Ẹ mọ okùn tí mò ń wí. Ó gùn tó okùn kànga, ó ń gba inú ihò kéékèèké láti abẹ́ èjìká títí dé ìbàdí, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti léèsì mu rẹ́gí, nítorí pé àwọn télọ̀ ìwòyí kì í fi nǹkan ṣeré. Kí màmá tó jó wọlé, ọmọbìnrin náà gbé orúnkún lé e lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú, ó sì fà á bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ dáńfó ṣe máa ń fa okùn nígbà tó bá ń de búùtù tí béèlì aṣọ àkúbe kò jẹ́ kó pa dé. Màmá mí kanlẹ̀, ọmọ fà á. Màmá mí ìdajì, ọmọ tún fà á. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán, ìbàdí abiyamọ tó bí ọmọ mẹ́rin ti rí bí ọrùn akèrègbè. Gbogbo ohun tó ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó ẹrù bí ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù lé jáde, àwọn kan gba òkè lọ, àwọn kan gba ìsàlẹ̀, kò sì sí èyí tó fi àdúgbò sílẹ̀ nínú wọn.

Mo yìn wọ́n. Mo ní ọgbọ́n dé. Tábìlì mi ló súnmọ́ aṣọ ìkélé tí wọ́n ń sáré kó sẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo lè jẹ́rìí pé ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n tú okùn náà, ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n sì tún un fà. Bí ayàwòrán bá ti ń bọ̀, olókùn á fà á; bí ó bá yí ẹ̀yìn padà, olókùn á dẹ̀ ẹ́. Bí màmá bá fẹ́ jókòó, wọ́n á dẹ̀ ẹ́. Bí olórin bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á fà á. Mo fi ọmọbìnrin náà jẹ oyè nínú ọkàn mi, mo ní òun ni Olókùn Àkọ́kọ́ ti Sùúrùlérè. Kì í ṣe Olókun tó ni òkun o, olókùn tó di ikùn mú ni. Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù, kò sí okun lára olókùn mọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti pọ́n bí ti ẹni tó fọ́ igi láti òwúrọ̀.

Ibi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu mi ni ìgbà tí ìyàwó wá gba ìre. Ọmọ kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, ó ń retí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀ dé agbede méjì, ó sì dúró sójú òfuurufú bí ọwọ́ wọ́dà tó ń dá mọ́tò dúró ní Ojúẹlẹ́gba, nítorí pé egungun kọ́sẹ́ẹ̀tì ti gbé àyà màmá, kò sì jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀. Alága ìdúró, tí mo gbà pé kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì rí lóde ìgbéyàwó, ló ní kí ìyàwó ṣe sùúrù, kí ó gbé orí sókè díẹ̀, kí ìre lè bá a.

Oúnjẹ dé. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje wà níbẹ̀, òórùn ewé rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá fi ṣíbí gé etí rẹ̀ bí ẹni ń gé oògùn fún ọmọ ọwọ́, ó gbé e dé ẹnu, ó wo olókùn. Olókùn wo ayàwòrán. Ayàwòrán mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́ínmọ́ín náà ṣe padà sílé ìdáná pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ̀ méjèèje.

Àwọn obìnrin òyìnbó tí wọ́n ni kọ́sẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi ohun líle tó wà lẹ́nu àbùùbùtán inú òkun ṣe egungun rẹ̀ láyé Ayaba Fikitóríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ sílẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Ó ti lé ní 100 ọdún tí wọ́n ti mí kanlẹ̀. Àwa tí oòrùn Èkó ń lu òógùn lára wa kí a tó jáde nílé la wá lọ hú u níbi tí wọ́n jù ú sí, tí a lẹ léèsì mọ́ ọn, tí a tún fi nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ara ṣe apá rẹ̀, tí èmi kò sì mọ ara ẹni tí wọ́n wò kí wọ́n tó rẹ nẹ́ẹ̀tì náà láró.

Bí ẹ bá ń rò pé ìlara ló ń dà mí láàmú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó tú mi fó. Mo ti wọ̀ ọ́ rí. Ní 2023, mo gbé ọ̀pá 5 léèsì tí mo rà ní Balógun lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Yàbá, mo ní kí ó rán ìró àti bùbá fún mi tí n óò wọ̀ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń túfọ̀ sọ fún mi pé, “Màmá, bùbá máa ń jẹ́ kí ẹ tóbi.” Mo ní mo tóbi. Kò dá mi lóhùn. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ń fi àwòrán hàn mí, kò sì sí obìnrin kan níbẹ̀ tó nípọn ju ọwọ̀ ìgbálẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló ní owó ìránṣọ tèmi yóò lé díẹ̀ nítorí sáìsì. Ó gba owó lé nítorí pé ara mi pọ̀, ó tún gba owó láti fi ara náà pamọ́. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yẹn kí ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ojú tì mí, mo gbà. Láti Adékúnlé, lórí afárá Third Mainland, títí a fi dé Erékùṣù, mo na gbalaja sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò bí pákó tí wọ́n ń gbé lọ sílé káfíńtà, nítorí pé mi ò lè tẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ náà kò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo padà sílé lálẹ́, kò sí olókùn. Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́nu iṣẹ́. Aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tí mo fi ọ̀bẹ tí mo fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ gba abẹ́ apá, tí mo sì gé okùn náà pẹ̀lú léèsì ọ̀pá 5 mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni ipa egungun rẹ̀ fi wà lára mi.

Màámi sanra jù mí lọ. Ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí léèsì ń wọlé láti ìlú Lustenau ní Ọ́sítríà, funfun kan wà tó máa ń wọ̀, apá bùbá rẹ̀ fẹ̀, ìró rẹ̀ kan kókósẹ̀, ìpèlé wà léjìká rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ikùn màámi ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí, kò sì sí ẹni tó béèrè. Bí oúnjẹ bá dé, á dìde ní gbangba, á tú ìró rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, á tún un ró, á ki etí rẹ̀ bọ ìbàdí, á sì jókòó ti àwo rẹ̀. Kò wá ẹnikẹ́ni mú lẹ́yìn ìkélé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un, bí ó bá sì tó àkókò àtijó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró de ayàwòrán.

Ẹ̀yin télọ̀, ọ̀lẹ ń ṣe yín. Télọ̀ tó mọṣẹ́ mọ̀ pé bùbá tí etí rẹ̀ dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ìdí ti fẹ̀ jù ló ń sọ obìnrin di àpótí, àti pé bí ó bá gbé e sókè díẹ̀ tàbí tó jẹ́ kó gùn kọjá ibẹ̀, ọ̀ràn tán. Ó mọ̀ pé òdòdó wẹ́wẹ́ lára léèsì yẹ ara ńlá ju òdòdó tó tó àwo ìjẹun lọ, pé ọwọ́ tó kọjá ìgúnpá ń bo ohun tí ìyá bá fẹ́ bò, àti pé aṣọ òkè tó rọ̀ ṣeé ró mọ́ ìdí ju èyí tó le bí ẹní lọ. Ẹ kò fẹ́ ronú ni. Ẹ kó egungun sínú aṣọ kan náà fún ìyàwó ọmọ ọdún 26 àti ìyá tó bí i, bí a bá sì ní kí ẹ rán búbù olówó iyebíye fún wa, ẹ ó ní aṣọ ilé ni.

Ẹ̀yin ìyá ńkọ́? Ta ló ní kí ẹ fi ẹ̀yìn tí ẹ fi pọn ìyàwó yìí lé orúnkún ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́? Nítorí fótò? Ẹni tó mọ̀ yín mọ bí ẹ ṣe rí, ó ti rí yín ní ìsọ̀ yín ní Òyìngbò ní ọjọ́ Ajé.

Mo ń pariwo nítorí pé ó ti kàn mí. Lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni ìyá ọkọ. Àwọn ará ilé ìyàwó ti fi àwòrán bí a ó ṣe rán aṣọ ránṣẹ́, okùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin sì fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ fún mi pé, “Màámi, gbogbo àwọn ìyá ló máa wọ̀ ọ́ o.” Mo ní mo gbọ́. Mo gbé léèsì mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ránṣọ ní ẹ̀yìn ilé wa. Kò fi àwòrán kankan hàn mí. Ó béèrè pé ṣé kí apá bùbá kan ọrùn ọwọ́ tàbí kí ó mọ sí ìgúnpá, mo ní kí ó kan ọrùn ọwọ́. Ó tún béèrè pé báwo ni kí ó ṣe fẹ̀ tó. Mo ní kí ó wọ̀n mí dáadáa, kí ó wá fi àyè mọ́ínmọ́ín méjì lé e.