Èsì wa: Ọ̀rọ̀ AWR tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí server yín

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ní AWR, àkọsílẹ̀ bí database ṣe ń ṣiṣẹ́, ti ń jáde lórí database Oracle yín látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, àwa wá dé, a ní kí ẹ san 50,000 dọ́là lórí ohun tó ti jẹ́ tiyín.

A jẹ̀bi níbì kan. Ìlà kan ṣoṣo la kọ ọ́ sí nínú ìwé iye owó, "Diagnostics àti Tuning Pack", láìṣe àlàyé kankan pé àfikún Oracle tí à ń san owó rẹ̀ lọ́tọ̀ ni, inú rẹ̀ sì ni AWR wà. Ta ló máa rí irú owó bẹ́ẹ̀ lójijì tí kò ní pariwo? Ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n AWR yẹn kò tíì di tiyín, sà. Ní Enterprise Edition, irú Oracle tí ẹ ń lò, ṣíṣí ni wọ́n ṣí i sílẹ̀: CONTROL_MANAGEMENT_PACK_ACCESS, parameter tó ń ṣí pack tàbí tó ń tì í, ti wà lórí DIAGNOSTIC+TUNING kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kò ní béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ yín. Bí ẹni ń jẹ àwìn lọ́dọ̀ olóúnjẹ tí kò sọ̀rọ̀ ni, tó kàn ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Ògiri ọ̀hún ni DBA_FEATURE_USAGE_STATISTICS, ibi tí database ń kọ ohun tí ẹ bá lò sí. Kí DBA yín, ẹni tó ń bójú tó database, wò ó, á rí ọjọ́ tí ẹ lò ó kẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn tó ń yẹ láísẹ́ǹsì wò náà mọ ibẹ̀.

Owó ọ̀hún ńkọ́? Core Intel 8, ìyẹn ọpọlọ inú chip, ló wà lórí server yín. Oracle ń ka core Intel méjì sí processor kan, ó di 4. Nínú ìwé iye owó tí wọ́n gbé síta, Diagnostics jẹ́ 7,500 dọ́là lórí processor kan, Tuning jẹ́ 5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 50,000 yẹn, a ò fi kọ́bọ̀ lé e. Support tún ń gba ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ìyẹn 11,000.

Ọ̀rẹ́ yín tí ẹ ní ó san ìdajì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iye èèyàn ló fi ra database tirẹ̀: Diagnostics 150 dọ́là, Tuning 100, lórí ẹnì kan, èèyàn 25 ó kéré tán lórí processor kan. Lórí processor 4, èèyàn 100 nìyẹn, á jẹ́ 25,000. Ẹ̀yin fi processor ra tiyín, bẹ́ẹ̀ náà lẹ gbọ́dọ̀ ṣe ra pack.

Ká má parọ́, ẹ lè má nílò rẹ̀ rárá. Ìròyìn òpin oṣù tó ń falẹ̀, tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè wá, Statspack, irinṣẹ́ Oracle tó ń ṣe irú àkọsílẹ̀ yìí, tó o. Ó bá database wá, ọ̀fẹ́ ni. Kò ní ASH tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ sì máa ṣètò ìgbà tí á máa kó àkọsílẹ̀ jọ, àmọ́ SQL, ìyẹn àṣẹ tí à ń fún database, tó ń jẹ àkókò kò ní rí ibi sá sí.

Tí ẹ bá gbà, ọmọ iṣẹ́ wa á wá ní Sátidé, á yí parameter yẹn sí NONE kí pack má ṣiṣẹ́ mọ́, á gbé Statspack kalẹ̀. A ò ní gba owó. Kó tó dé, ẹ jọ̀ọ́, kí DBA yín má tún fa ìròyìn AWR kankan jáde.