Ta ló ní Louis Armstrong ò mọ nóòtì kà?

Níbi ìdánrawò àwa afọnfèrè ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé tó kọjá, mo bi ọmọkùnrin kan pé kí ló dé tí kò tíì wo ìwé nóòtì orin tí mo kọ fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Louis Armstrong ka nóòtì ni? Ẹ̀bùn ni jazz. Inú ẹ̀mí làwọn àgbà yẹn ti ń fọn ọ́n." Ni àwọn yòókù bá ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnu ẹni tí kò fẹ́ ṣe ìdánrawò ni mo sì ti máa ń gbọ́ ọ.

Ṣé Armstrong, ògbólógbòó afọnfèrè jazz ará Amẹ́ríkà yẹn? Ilé àtúnṣe ọmọdé kan ní New Orleans ni wọ́n ti kọ́ ọ ní fèrè cornet, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá mú un torí ìbọn tó yìn lálẹ́ tí ọdún 1913 wọlé. Peter Davis lorúkọ olùkọ́ rẹ̀. Láti 1919 dé 1921, ó wà nínú ẹgbẹ́ Fate Marable, tó ń ṣeré nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mississippi. Marable kì í gba gbẹ̀rẹ́, nóòtì ni wọ́n ń kà níbẹ̀. David Jones, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, ló ń jókòó tì í, tó ń kọ́ ọ ní kíkà.

Orin rẹ̀ "Cornet Chop Suey" ló wá bọ́ ọ̀rọ̀ yìí sí gbangba. Ẹni tó bá gbọ́ àwo yẹn, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Chicago ní oṣù kejì 1926, á búra pé ojú ẹsẹ̀ ni Armstrong ń rò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti oṣù kìíní 1924 ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orin náà ní nóòtì, tí wọ́n sì fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Washington kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i. Ibi tí àwọn tó kù ti ń dákẹ́ fún un, tí gbogbo wa máa ń pariwo "họ́wù!", èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti wà lórí bébà. Mo gbé ẹ̀dà ìwé náà síwájú lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi àwo sí i, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Ojú tì mí, torí èmi náà ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí yẹn rí.

Jelly Roll Morton, atẹdùùrù jazz, ńkọ́? Ọdún 1915 ni "Jelly Roll Blues" rẹ̀ jáde lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó gba àwo jazz kankan sílẹ̀. Lil Hardin, tó ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ jazz King Oliver, ti lọ sí yunifásítì Fisk. Àwọn Barney Bigard àti Omer Simeon sì lọ kọ́ fèrè clarinet lọ́dọ̀ Lorenzo Tio.

Wọ́n á ní orin náà ń dún bí eré. Ṣebí kó lè dún bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dánra wò.

Ó dáa, Sidney Bechet, àgbà afọnfèrè jazz mìíràn, ò ka nóòtì. Mo gbà. Ọmọkùnrin wa kì í ṣe Bechet. Aago mẹ́rin ni ìdánrawò ní Sátidé tó ń bọ̀, mo sì ti tún ìwé rẹ̀ kọ, torí ó ní ti àkọ́kọ́ ti sọnù.