Wọn ò wáìn aago yẹn jù o, nǹkan míì ló ń ṣe é

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aago Jámánì onígò yẹn nílé, èyí tí bọ́ọ̀lù idẹ mẹ́rin wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì jẹ́ẹ́jẹ́, tó bá ti dákẹ́ báyìí, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé "wọ́n ti wáìn ẹ̀ jù." Ẹni tó ń tà á á sọ ọ́, ẹni tó jogún ẹ̀ á sọ ọ́, kódà mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fi títún aago ṣe jẹun. Irọ́ ni. Aago tó bá dáa kì í tìtorí pé wọ́n wáìn ẹ̀ kún kó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀ ná. Agolo idẹ kékeré kan wà láàárín ẹ̀, inú agolo yẹn ni sípíríǹgì wà, irin pẹlẹbẹ gígùn kan tí wọ́n ká jọ. Tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́, ńṣe lẹ̀ ń wé irin yẹn mọ́ ọ̀pá tó wà láàárín agolo, bí ìgbà téèyàn ń wé gèlè ni, táṣọ bá ti tán lọ́wọ́ yín, ó tán nìyẹn. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti lóun ò lọ mọ́, ibẹ̀ gan-an làwọn tó ṣe é fẹ́ kẹ́ ẹ wáìn ẹ̀ dé. Lóòótọ́ tẹ́ẹ̀yàn bá wá fi ipá ti kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ ó lè ya nǹkan, sípíríǹgì tó ti gbó náà sì lè já nígbà tí wọ́n ń wáìn ẹ̀, àmọ́ tó bá já, ṣe ni kọ́kọ́rọ́ á máa yí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní le. Kọ́kọ́rọ́ tó bá le gbagidi, sípíríǹgì ẹ̀ ṣì wà lódindi nìyẹn, agbára wà nínú ẹ̀.

Báwo wá ni gbogbo ayé ṣe gbà á gbọ́? Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: aago dákẹ́ nítorí nǹkan míì, ká ní ó kù oṣù méje kí wọ́n tún wáìn ẹ̀. Onílé rí i pé ó dákẹ́, ó ní bóyá kọ́kọ́rọ́ ló ń fẹ́, ó yí i títí ó fi kún, aago ò rìn. Kọ́kọ́rọ́ ló fọwọ́ kàn kẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ ló máa jẹ̀bi. Aago tí ò bá rìn kì í sì í lo sípíríǹgì, kíkún ló máa wà títí, tó bá tó ogún ọdún kó wà bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wá tọwọ́ bọ kọ́kọ́rọ́ yẹn á bá a tó le, á ní "ẹ ò rí i, wọ́n wáìn ẹ̀ jù lóòótọ́." Dídákẹ́ tí aago dákẹ́ ló jẹ́ kí sípíríǹgì ẹ̀ wà ní kíkún, wọ́n wá yí ọ̀rọ̀ náà po.

Kí wá ló ń mú un dákẹ́ gan-an? Ẹ kọ́kọ́ mọ irú aago tó jẹ́. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Jahresuhr, aago ọlọ́dún kan, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wáìn ẹ̀, irínwó ọjọ́ ló sì lè rìn. Ọ̀gbẹ́ni Aaron Crane ní Amẹ́ríkà ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀ ní 1841, àmọ́ Anton Harder ní Jámánì ló sọ ọ́ di ohun tá a mọ̀ yìí ní nǹkan bí 1880, lẹ́yìn náà àwọn ilé iṣẹ́ bíi Schatz ní Triberg àti Kundo ní St. Georgen, inú Black Forest, agbègbè onígbó kan ní Jámánì, làwọn méjèèjì wà, ṣe é jáde lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà ní Jámánì ń rà á lọ sílé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tá à ń rí lónìí fi jẹ́ ti 1950 sókè. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ọ́ìlì tó ti tó àádọ́rin ọdún!

Ẹ tún wò ó, aago tí wọ́n ń wáìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ń fi sípíríǹgì kan rìn ọjọ́ mẹ́jọ, eléyìí ń fi sípíríǹgì kan rìn 400, ìlọ́po àádọ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń dún láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ wíìlì tó kẹ́yìn kéré débi pé ọ́ìlì tó ti gbẹ di gọ́ọ̀mù nínú ihò kan ṣoṣo tó láti dá a dúró. Aago ọlọ́jọ́ mẹ́jọ máa wọ́ ìdọ̀tí yẹn lọ, eléyìí ò lè wọ́ ọ.

Àmọ́ wáyà ni ọ̀gá gbogbo ẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ tó gbé bọ́ọ̀lù mẹ́rin yẹn dání, kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn, àwọn èèyàn á sì gbé aago láti yàrá kan dé ìkejì láì ti pẹ́ńdúlọ̀ọ̀mù, ìyẹn bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó ń yí yẹn, pa, wáyà á lọ́, á ká kọ́rọ́kọ́rọ́. Tó bá ti lọ́ ẹ má nà án o, ẹ yọ ọ́ sọnù, kẹ́ ẹ wá èyí tó bá aago yẹn mu gẹ́lẹ́, torí bó bá fi díẹ̀ báyìí nípọn jù, aago á máa sáré ní ìṣẹ́jú mélòó kan láàárín wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá fi sí i tán, ẹ wò ó dáadáa: lẹ́yìn tó bá dún, ó gbọ́dọ̀ ṣì yí díẹ̀ sí i kó tó padà, bó ṣe yí sí i lọ́tùn-ún ni kó yí sí i lósì. Tí kò bá dọ́gba, ẹ máa yí ibi tí wáyà ti so lókè ní díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ gan-an, títí á fi dọ́gba. Iṣẹ́ sùúrù ni, mo ti fi odindi ìrọ̀lẹ́ Sátidé ṣe é rí.

Ohun tó mú kí n máa pariwo ni pé irọ́ yìí ń ṣeni léṣe. Ẹni tó gbà pé wọ́n ti wáìn ẹ̀ jù á fẹ́ tú u, á gbé irin kékeré tó di sípíríǹgì mú sókè láìmú kọ́kọ́rọ́ dání, sípíríǹgì á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á ká eyín wíìlì, á bẹ́ ọmọ ìka. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò, ẹ má sì tú awo idẹ ẹ̀yìn ẹ̀ nígbà tí sípíríǹgì ṣì kún. Àìmọye aago tó dáa pérépéré ló sì ti dé orí ààtàn nítorí gbólóhùn kan yẹn.

Èyí tó wà nílé mi nísinsìnyí, Kundo ni, mo rà á ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jà àárọ̀ Sunday tí wọ́n ti ń tajà látinú bùùtù mọ́tò, pọ́n-ùn mẹ́jọ, ẹni tó tà á lóun ò fẹ́ rẹ́ mi jẹ, pé ìyá òun ló wáìn ẹ̀ jù láti nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, kí n kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Mo délé, mo rí wáyà tó ti lọ́ lójú méjì. Inú ẹ̀ mọ́, ẹnì kan ti fọ̀ ọ́ rí. Mo pààrọ̀ wáyà, mo jẹ́ kó dọ́gba, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rárá. Wáìn tí màmá yẹn wáìn ẹ̀ ló fi rìn fún oṣù mọ́kànlá.