Yàrá Tó Fajú Ro

Ẹ bá mi kí àbúrò mi ọkùnrin kú iṣẹ́, kí ẹ sì kí ìyàwó rẹ̀ kú ìnáwó. Wọ́n ti kun yàrá wọn ní dúdú. Kì í ṣe dúdú ṣeréṣeré o. Dúdú bí ìdí ìkòkò tó ti ń jókòó lórí ààrò igi láti ayé ìyá àgbà, láti òkè àjà títí dé ẹsẹ̀ ògiri, nínú ilé onílé, n'Íkẹjà.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí akunlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣí ike ọ̀dà, ó fi igi rò ó, ó wo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó tún wò mí. "Ọ̀gá, ṣé yàrá tí èèyàn ó máa sùn náà nìyí?" Mo nawọ́ sí ìyàwó. Ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin náà gba owó rẹ̀ pé kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà. Mi ò bá a wí. Ẹni tó ń bá aṣọ̀fọ̀ ṣiṣẹ́, ó yẹ kó tètè gbowó.

"Bọ̀dá mi, bóhò ni wọ́n ń pè é," ni ìyàwó ṣàlàyé fún mi. "Bóhò tó ní múùdù." Ó ṣí fóònù, ó fi Pinterest hàn mí, ibi tí wọ́n ń kó àwòrán jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yàrá lóríṣiríṣi, gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ń fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó tí kò rí i gbà. Ó ní irú yàrá yìí ló yẹ tọkọtaya, pé ó máa ń jẹ́ kí ọkàn wálẹ̀. Ọkàn tèmi ti wálẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́ iye tí wọ́n ná.

Mo bi í pé ọmọ ta ni Bóhò. Kò mọ̀. Bohemia ni, ó wà nílẹ̀ Czech, níbi tí Prague wà. Àwọn Faransé rò pé ibẹ̀ ni àwọn ará Romani tó ń ṣí kiri ti wá, ni wọ́n bá fi orúkọ ibẹ̀ pè wọ́n. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1840, orúkọ náà ti mọ́ àwọn ayàwòrán àti akéwì Paris lára, àwọn tí kò rówó ilé san, tí wọ́n ń sùn ní abẹ́ òrùlé, tí wọ́n ń kó aṣọ àlòkù bo àga tó ti ya. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ wá kó owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé oṣù mẹ́jọ sílẹ̀, kí yàrá wọn lè jọ ti ẹni tí kò rówó ilé san. Lánlọ́ọ̀dù ò tíì gbọ́. Funfun ni àdéhùn ní kí wọ́n dá ògiri padà sí, ẹni tó bá sì ti fi ọ̀dà funfun lé dúdú rí, ó mọ iye ìgbà tí dúdú máa ń padà wá kíni.

Ẹ jẹ́ ká wọlé. Ẹ máa fọwọ́ tá ògiri bọ̀. Ibùsùn ò lẹ́sẹ̀: pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé ní èbúté ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù lé. Ìgbérí rẹ̀ jẹ́ pankẹ́rẹ́, tí wọ́n hun roboto bí oòrùn. Pankẹ́rẹ́ o, èyí tí tíṣà wa fi ń bá wa sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe rí i, ẹ̀yìn mi ta. Ìrọ̀rí mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ fún orí méjì. Lálaalẹ́, ọkọ á kó mẹ́sàn-án sílẹ̀. Láàárọ̀, á dúró ti fóònù, á máa tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà nínú àwòrán, torí ó ní bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ wà kó tó lè dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò tò wọ́n.

Koríko gbígbẹ wà nínú ìkòkò amọ̀ ní igun yàrá. Pampas ni, irú èyí tó ń hù ní Argentina. Nílé bàbá wa, koríko tó bá ga tó báyẹn, àdá là ń ránṣẹ́ pè sí i. Èyí, owó ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì ń fín ohun tí àwọn onídìrí ń fín sórí irun sí i lára kó má baà gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n náà. Bí fáànù bá ti yí, òwú rẹ̀ á gbéra, kò sì ní yà síbòmíràn àfi imú àbúrò mi. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójú mi. "Bébì," ni ìyàwó wí, "ẹ rọra sín, kó má gbọ̀n tán."

Kọ́tìnnì àrán ni wọ́n fi dí fèrèsé. Àrán, aṣọ ọlọ́lá, nínú ooru oṣù kẹta, l'Ékòó. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá wá wo yàrá, àwọn gílóòbù kéékèèké tó ń lo bátìrì ń ṣẹ́jú lára ògiri, a jókòó, à ń yìn ín, ni wọ́n bá mú iná lọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀! Ìgbà tí fáànù dúró, tí òógùn ń gba àárín ẹ̀yìn mi sọ̀ kalẹ̀, ló tó yé wa. Èèyàn á ra jẹnẹrétọ̀, á ra sólà, kó lè bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn, á tún wá ra òkùnkùn sínú yàrá.

Tẹ́lẹ̀, àlejò kì í kọjá pálọ̀. Ní báyìí, gbogbo ẹni tó ní fóònù ti wọ yàrá yẹn, àfi ìyá wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi wá láti Abẹ́òkúta.

Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ tan iná."

"Ó wà ní títàn, Mà."

Wọ́n tẹ síwájú, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ tó bo ibùsùn, èyí tí ìyàwó fi orúkọ òyìnbó rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyí. Ìbàdàndùn. Ẹ ò rí òpó Mápó? Èló lẹ rà á?" Ìyàwó dá wọn lóhùn. Màámi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, kò jìnnà sílé wọn.

Ìgbà tí wọ́n gbójú sókè ni wọ́n rí i: igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká bí òrùka, tí wọ́n hun òwú sí inú rẹ̀ bí ilé aláǹtakùn, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin, ìyẹ́ mẹ́ta tó ń mì lókè ìrọ̀rí.

"Ta ló fi àále sórí ibùsùn yín?"

Kò sẹ́ni tó fèsì.

"Kí lẹ ò fẹ́ kí olè jí níbẹ̀?"

Ọwọ́ wọn ti wọ báàgì, wọ́n ń wá ìgò òróró àdúrà. Mo ní kí n gba ìyàwó sílẹ̀. "Màámi, kì í ṣe àále. Àwọn Ojibwe, onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ni ín. Òkè ibùsùn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń fi í kọ́ sí, kí àlá burúkú lè há sínú rẹ̀."

"Ọmọ kí ni?"

"Ọmọ ọwọ́, Mà."

Òróró padà sínú báàgì. Màámi jókòó sórí ibùsùn tí kò lẹ́sẹ̀ yẹn láìbìkítà bí wọ́n ṣe máa dìde. "Ìyàwó mi! Oṣù mélòó? Ẹ ṣí fèrèsé yìí, ẹ jẹ́ kí n rójú ìyá ìkókó!" Wọ́n ti ń pe àbúrò wọn ní Abẹ́òkúta lórí fóònù. Ibi tí ìyàwó dúró sí ṣókùnkùn, mi ò rí ojú rẹ̀. Àbúrò mi ni mo gbọ́, ó sín.