Èsì wa sí Àlàájà tó fún áàpù ìwé àwìn wa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú ọjà o, Àlàájà. Ajé á wọ igbá. A rí ọ̀rọ̀ yín lórí Play Store. Google kì í gbà ju lẹ́tà 350 lọ fún oníṣòwò tó bá fẹ́ fèsì níbẹ̀, ìyẹn ò sì lè gba ohun tí ẹ béèrè, la ṣe kọ ọ́ sójú ewé wa níbí, kí àwọn oníbàárà yòókù náà lè bá wa dá sí i.

Fún ẹni tí kò rí i: Àlàájà ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣí áàpù náà, kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn ní nǹkan kan, ojú ewé funfun ló kọjú sí àwọn, bẹ́ẹ̀ áàpù báńkì ọmọ wọn ń fi àwòrán rẹpẹtẹ kí i káàbọ̀. Wọ́n ní àmì ìbéèrè tó wà níbẹ̀, èyí tí èèyàn ń tẹ̀ tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, gbólóhùn méjì péré ló ń sọ. Wọ́n ní kí a ṣe fídíò sí i, tàbí kí a dá owó àwọn padà. Ìràwọ̀ kejì, wọ́n ní torí pé àwọn tẹ “bi mo se le yo gbese”, láìfi àmì kankan sí i, áàpù sì rí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àwòrán ìkíni yẹn ṣáájú, torí mi ò ní fi sí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí áàpù, iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe. Oníbàárà dúró níwájú yín, ó fẹ́ gbé agbọ̀n ẹja àrọ̀ lọ láì tíì sanwó, ẹ sì fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ kó tó lọ. Àwòrán mẹ́fà tó ń ṣàlàyé ohun tí ẹ ò tíì rí, ṣe lẹ máa fọwọ́ gbá a dànù. Ká tiẹ̀ ní ẹ kà á, ọjọ́ tí onígbèsè bá kó ìdajì owó wá, ẹ ti gbàgbé. Kì í ṣe ará ọjà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Láti ọdún 1987 ni John Carroll àti Mary Beth Rosson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní IBM nígbà náà, ti kọ ọ́ pé ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ jókòó ka ìwé ìlò. Iṣẹ́ ló máa kọjú sí, kódà bí kíkà á ìbá dín wàhálà rẹ̀ kù. Ẹ̀yin náà ẹ kì í ka orúkọ gbogbo ẹja inú ọ̀sà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́. Ìgbà tí ẹja bá dé ọwọ́ rẹ̀ lẹ ń sọ bó ṣe máa ṣe é.

Ojú ewé yẹn funfun lóòótọ́, àmọ́ gbólóhùn kan wà láàárín rẹ̀: “Ẹ kò tíì kọ àwìn kankan. Ẹ tẹ + kí ẹ kọ ti àkọ́kọ́.” Tí ẹ bá ti kọ ọ̀kan, ó lọ nìyẹn. Níbi nọ́ńbà fóònù, tí ẹ bá fo ọ̀kan, a kì í sọ pé “àṣìṣe” ká wá dákẹ́, ohun tí ẹ máa rí ni “Nọ́ńbà 10 lẹ kọ, 11 ló yẹ kó jẹ́.” Lójú tèmi, irú èyí ṣe èèyàn láǹfààní ju odidi ojú ewé ìrànlọ́wọ́ lọ.

Gbólóhùn méjì ti àmì ìbéèrè, a mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú ni. Láti ìsàlẹ̀ ló ń yọ, kì í bo iye tí ẹ ń kọ lọ́wọ́. Tó bá gbé yín lọ sójú ewé mìíràn, ẹ máa padà dé, ẹ ò ní rántí bóyá ẹgbẹ̀rún méje lẹ fẹ́ kọ ni àbí mẹ́jọ. Ẹni tó bá fẹ́ àlàyé kíkún, “Ka sí i” wà lábẹ́ rẹ̀. Google ní kí ibi tí èèyàn máa tẹ̀ má kéré ju 48 dp lọ (dp ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lójú fóònù), ìyẹn bíi mìlímítà 9. Tiwa tóbi ju bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ tí omi àti ìpẹ́ ẹja wà lára rẹ̀.

Ẹ ṣeun fún ìràwọ̀ kejì. Ibẹ̀ gan-an ló gba àkókò wa jù. Lójú èèyàn, ẹ́ kan náà ni gbogbo ẹ́. Lójú fóònù, kò rí bẹ́ẹ̀: kíbọọ̀dù kan máa kọ ẹ, á wá gbé àmì lé e lórí, òmíràn máa kọ e, á fi àmì sísàlẹ̀, á tún fi ti òkè. Ẹlòmíràn kì í fi nǹkan kan sí i rárá, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù. Nítorí náà, kí áàpù tó wá nǹkan, ó máa bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ohun tí ẹ tẹ̀ àti lára àkọsílẹ̀ tiwa, ká lè fi ìhòòhò méjèèjì wéra. Wàhálà tó kù ni pé “owo” máa mú owó àti òwò jáde pọ̀, la ṣe ń kọ èsì rẹ̀ tàmì-tàmì, kí ẹ lè fojú yan èyí tí ẹ fẹ́.

Fídíò, dátà ni kò jẹ́. Ìṣẹ́jú kan fídíò tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ní 500kbps (ìyẹn iye dátà tó ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4MB. Ohùn lásán fún ìṣẹ́jú kan, ní 16kbps, 120KB ni, kò tó 1MB rárá. Ohùn la máa fi sí i nínú èyí tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ sì jẹ́ ká ṣe é: etí àmì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló máa wà, inú fóònù la máa tọ́jú rẹ̀ sí, kò ní í béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ kíkọ ò ní kúrò, nítorí ariwo ọjà.

Ní ti ₦1,500 oṣù yìí, ẹ lè gbà á padà. Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ má kọ ọ́ síbí tí gbogbo ayé ti ń wò. Kí ẹ tó yọ áàpù kúrò, ẹ kọ́kọ́ tẹ “Kó ìwé mi jáde”, kí orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó má bàa bá a lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ dúró de ti ohùn, ọmọ iṣẹ́ wa máa ń wá sí Olúwo lọ́jọ́ ọjà. Ẹ ní kó fi hotspot tirẹ̀ gbé e sórí fóònù yín.