Kókó ọmú tí kò dunni, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó

Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp pé bí kókó inú ọmú kò bá ti dunni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ire lẹni tó fi ránṣẹ́ ń rò, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kókó jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ọmú tó ń dunni nígbà tí nǹkan oṣù ń bọ̀, èyí tó ń já ọ̀pọ̀ wa láyà, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ìrora kọ́ ni òṣùwọ̀n. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n a ò lè fọwọ́ lásán mọ èwo ni èwo. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Bó bá yẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ẹ wo ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ nípa jẹjẹrẹ ọmú: kókó tí kì í sábà ní ìrora ló wà lára àwọn àmì rẹ̀. (Ẹ̀yin ọkùnrin, ó ń ṣe yín náà, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.)

Ẹni tó bá ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tẹ̀lé e.